Ìbọn Àgbá Ẹnu Ààfin

Ẹ̀gbẹ́ ìbọn àgbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin ìlú wa, lẹ́yìn ìlú Imoru, ni Ìbídàpọ̀ ti kọ́kọ́ rí mi. Mo ń kun sáìnbọ́ọ̀dù. Òun ló mú ìtàn ìbọn náà tí n óò kọ síbẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Olóyè Sylvanus.

Mo kà á, orí mi gbóná. Wọ́n ní bàbá ńlá tiwọn ló gba ìbọn náà lọ́wọ́ ọ̀tá lójú ogun, pé Fẹ̀sọ̀jayé sá wọ igbó. Fẹ̀sọ̀jayé ni bàbá ńlá tèmi! Nítorí irọ́ burúkú yìí, ẹ̀yìn ìbọn ni gbogbo ilé wa ń gbà kọjá. Gbogbo ìyàwó ìlú yìí ló ń fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó wọlé ọkọ, àfi ìyá mi.

"Sístà, ọwọ́ yín mà dáa o," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Kí lorúkọ yín?"

"Dùnsìn." Mo rẹ́rìn-ín sí i. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní, ilé yín gan-an ni n óò ti gbẹ̀san.

Ìkà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin yìí wá ń gbé iṣu wá fún ìyá mi, ó ń pè mí ní dúdú mi. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi kò rọ̀.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu ààfin. Bí mo ṣe nawọ́ sí ìbọn báyìí, Olóyè dá mi dúró.

"Ọmọ Fẹ̀sọ̀jayé, ẹ̀yìn ni kí o gbà."

"Bàbá, ẹ má bínú. Bí n kò bá kàn án, n kò lọ." Mo kọjú sí ọkọ mi. "Sọ fún wọn pé bàbá ńlá mi kò sá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ nìkan ni yóò dá lọ sílé."

"Dùnsìn, jọ̀ọ́."

"Sọ ọ́!"

Òógùn bò ó. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. "Fẹ̀sọ̀jayé kò sá!" ló pariwo. "Bàbá ńlá tiwa ló sá!"

Háà! Ariwo ta. Olóyè ṣí fìlà, ó ń lọ. Inú mi dùn. Kó dùn ún dọ́kàn! Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé irin náà, ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀.

Mo sún mọ́ etí ọkọ mi. "Ta ló sọ òótọ́ yẹn fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. N kò mọ ẹni tó sá, olólùfẹ́ mi. Ìwọ lo ní kí n sọ ọ́."

Ojú tì mí. Bàbá rẹ̀ ti yà ní kọ́nà, kò bojú wẹ̀yìn. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, a sì jọ wọlé.