Ẹ̀wù Tí Bùnmí Rán fún Ìjàpá

"Bàbá Ṣàfíù, bí òjò bá pa lẹ́dà yìí, ṣé kò ní hunjọ?"

Bùnmí ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sídìí màṣíìnì kejì nínú ṣọ́ọ̀bù mi n'Íkọ̀tún, ó ń rán nǹkan, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi kí n má bàa rí i.

"Kò ní hunjọ. Kí lò ń rán?"

"Ẹ máa wò ó ná, Bàbá. Tó bá yá, ẹ ó rí i."

Èmi rò pé báàgì ìwé ni. Èyí tó ṣẹ́kù lára lẹ́dà dúdú tí mo fi rán ìbòrí síìtì mọ́tò bàbá ẹ̀ ni mo fún un. Mo bá iṣẹ́ tèmi lọ.

Adébùnmí lorúkọ ẹ̀ gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, tí wọ́n bá ti jáde nílé-ìwé, á wá kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìyá ẹ̀ ti kú, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ. Òun àti bàbá ẹ̀, Olúsànyà, ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Akọ̀wé ìjọba ni Sànyà, tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, ẹ ò ní dá a mọ̀ mọ́. Abẹ́ mọ́tò ló máa ń wà, ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan lẹ ó máa rí.

Ìjàpá ni mọ́tò náà, Fọ́kísì tí ẹ̀yìn ẹ̀ rí róbótó yẹn, tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù wá wà níwájú. Àlòkù ló rà á, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Òun ló kùn ún. Òun ló fi rédíò sí i, òun ló pààrọ̀ iná iwájú sí èyí tó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, ó tú gbogbo ẹ́ńjìnì palẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní bí ẹni tó ń sá èlùbọ́. Bùnmí á máa fi karosíìnì fọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, bàbá ẹ̀ á máa nù ún, wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń wò wọ́n láti ṣọ́ọ̀bù, inú mi á dùn ṣá. Ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ọmọ tuntun ni wọ́n ń wẹ̀ fún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ọdún owó Údòjí. Owó epo ti dé, ìjọba fi kún owó oṣù, kálukú bá ń ra mọ́tò tuntun bí ẹni ra ìṣáná. Festus, lánlọ́ọ̀dù wọn, ra Dátísọ̀nù tiẹ̀. Ó ránṣọ bo síìtì, ó ránṣọ bo sítíárìn, ó tún ránṣọ bo táyà àpamọ́. Lucy ọmọ ẹ̀ àti Bùnmí, kíláàsì kan náà ni wọ́n.

"Bùnmí, ìjàpá yín ti jí?" Lucy á pariwo láti ojú fèrèsé. "Ẹ bá a wáṣọ jàre! Ìhòòhò ló wà látàárọ̀, eruku ló fi ń para!"

Bùnmí á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún.

Àṣé nítorí ẹ̀ ló ṣe ń ránṣọ. Lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn ìjàpá, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀. Ọmọ yìí rí i pé eruku ń gbabẹ̀ wọlé sára ẹ́ńjìnì tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ fọ̀. Ló bá rán ẹ̀wù tó máa bo gbogbo ibẹ̀ pinpin, ó fi okùn sí i nísàlẹ̀. Kò bèèrè lọ́wọ́ bàbá ẹ̀. Ó fẹ́ kó bá a lójijì.

Ọjọ́ tó mú, ọjọ́ ńlá ni. Màmá Sànyà wà l'Ábẹ́òkúta, arúgbó tó le bí eyín. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá sinmi l'Ékòó, ó ní láéláé, òun ò ní wọ mọ́tò tí òun ò mọ ọwọ́ tó tún un ṣe. "Ọjọ́ tí Sànyà bá fọwọ́ ara ẹ̀ tún tiẹ̀ ṣe, kó wá gbé mi." Bẹ́ẹ̀ ló wí. Ọjọ́ yẹn ni Sànyà fẹ́ lọ gbé e.

Ní kùtùkùtù, nígbà tí bàbá ẹ̀ ń nu gíláàsì iwájú, Bùnmí yọ́ lọ sẹ́yìn, ó wọ ẹ̀wù fún ìjàpá. Wọ́n gbéra. Wọ́n kọjá Ìyànà Ìpájà. Kí wọ́n tó wọ Ọ̀tà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jóná, iná pupa tàn níwájú Sànyà, ẹ́ńjìnì ké gàù, ó sì dákẹ́.

Bí bàbá ẹ̀ ti dá mọ́tò dúró, Bùnmí ti bẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ wo ẹ̀wù ẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́dà ti yọ́ létí kan, ó gbóná bí ààrò. Ẹ̀rù bà á. Ó fà á yọ, ó kì í bọ inú báàgì ẹ̀.

Sànyà ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ooru gbá a lójú.

"Kí ló dé? Ìjàpá kì í lo omi bíi ti mọ́tò yòókù, afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò yìí ló fi ń tutù. A jẹ́ pé mo to nǹkan kan sódì nínú ẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Bùnmí tó mọ ohun tó ṣe. Ó gbá báàgì ẹ̀ mọ́ra.

Lọ́rì kan ló fi okùn wọ́ wọn wálé. Sànyà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé tẹlòmíì ni.

"Bàbá Ṣàfíù, mo rò pé mo mọ iṣẹ́ yìí ni. Tí Màmá bá wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Mi ò tún mọ́tò ṣe mọ́ láyé. Festus ní ẹnì kan wà tó máa ń tú wọn tà. Kó máa gbé e lọ."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nídìí ẹ̀rọ omi, Bùnmí sọ òótọ́ fún Lucy.

Lucy ní, "Dákẹ́ ẹnu ẹ! Ta ló rí ẹ? Bàbá ẹ á ra tuntun, ìwọ náà á máa jókòó nínú Dátísọ̀nù bí ìyàwó ọ̀gá. Ṣé kì í ṣe ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Bùnmí gbé omi ẹ̀ rù, ó ń lọ. Àbí, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé yìí, kí lẹ bá ṣe? Òótọ́ kúkú ni, kò sẹ́ni tó rí i.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Festus gbé okùn dé. "Sànyà, má fajúro. Ìjàpá ti jẹun ẹ̀ tán láyé."

Sànyà ò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó gbé àpótí sípánà ẹ̀ jáde, èyí tí ìyàwó ẹ̀ fi ta á lọ́rẹ nígbà ayé ẹ̀. "Kó eléyìí mọ́ ọn. Mi ò nílò ẹ̀ mọ́."

Bùnmí rí àpótí yẹn, ló bá kígbe. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún wọn!" Ó sáré wọlé, ó gbé lẹ́dà jíjóná jáde, ó kúnlẹ̀. "Ọwọ́ yín kọ́. Èmi ni. Èmi ni mo wọṣọ fún un, mo bo ihò ẹ̀yìn yẹn pa. Mo fẹ́ kó dùn mọ́ yín ni. Mo rí yín tí ẹ̀ ń bú ara yín, mo tún dákẹ́."

Sànyà gba lẹ́dà, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó wo mọ́tò. Ó tún wo ọwọ́ ẹ̀.

"A jẹ́ pé ẹ́ńjìnì tí mo tò, kò ní nǹkan kan lódì?"

"Kò ní, sà."

Ọkùnrin yìí bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú ẹ̀. Ó fa ọmọ ẹ̀ dìde, ó gbá a mọ́ra. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé; bàbá náà ń gbé e. Ó kọjú sí Festus. "Bọ̀dá Festus, ẹ ká okùn yín."

Festus ní, "Òṣìkà ọmọ! Aṣọ oorun lo fi bo ẹni tó ń sáré?" Gbogbo wa bá rẹ́rìn-ín.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀ o. Ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́, wọ́n ní láti tún un tú palẹ̀. Gbogbo họlidé yẹn tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń lọ gbafẹ́ ní Bádágrì, inú karosíìnì ni ọwọ́ Bùnmí wà. Èyí tó tún le jù, bàbá ẹ̀ ní Bùnmí fúnra ẹ̀ ló máa wọ bọ́ọ̀sì lọ s'Ábẹ́òkúta lọ ṣàlàyé. Arúgbó yẹn ti jókòó síta látàárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wá gbé e nínú aṣọ tó dáa jù tó ní, ó ń retí.

Bùnmí rò ó fún un tẹkúntẹkún. Màmá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìjàpá tó gbélé ẹ̀ sẹ́yìn, ìwọ tún ránṣọ fún un? Ṣé ó bẹ̀ ẹ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú, ó wá bu àkàrà fún un.

Ọjọ́ tí mọ́tò jí, Sànyà fa ọwọ́ ọmọ ẹ̀, ó gbé e sójú ihò yẹn. "Gbọ́ bó ṣe ń mí." Afẹ́fẹ́ ń fa ìka ẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lọ gbé Màmá, wọ́n dé láyọ̀. Bí mo ṣe ń bá a ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, mo rí ohun tó fẹsẹ̀ lé: lẹ́dà dúdú, tó jóná létí kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, oore tá a bá ṣe ní kọ̀rọ̀ láìbèèrè lè di ìpalára, ẹ máa bèèrè. Tí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni ru ẹ̀bi yín. Dídákẹ́ Bùnmí ìbá gba mọ́tò lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, ìbá sì tún gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ẹnu tó là ló dá méjèèjì padà fún un.