Ikọ́ Inú Ògiri

“Fi etí rẹ síbẹ̀,” ni Màmá Anarkan wí. “Rọra mí.”

Burul fi etí lé ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìyá àgbà náà, ní àjà karùn-ún ilé alájà mẹ́sàn-án kan nílùú Osh. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ inú ibẹ̀ tutù bí ìdí kànga. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, inú ògiri wúkọ́. Ikọ́ ọkùnrin ni, ikọ́ gbígbẹ, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé onítọ̀hún dúró sẹ́yìn bíríkì, tó kọjú sí i. Òórùn tábà sì rọra ń yọ jáde.

“Satar ọkọ mi nìyẹn,” ni ìyá àgbà wí jẹ́jẹ́. “Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti kú. Àtìgbà tẹ́ ẹ ti ṣe páìpù yìí tán ló ti ń wá lọ́sọ̀ọ̀sán. Mo máa ń gbé tíì wá bá a, màá sọ̀rọ̀ ilé fún un. Ọmọ mi ní orí mi ti ń dàrú. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ, àbí?”

Abọ́ tíì méjì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀kan kún.

Àyà Burul já, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òkú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ páìpù lọ́dọ̀ Ọ̀gá Kubat. Òfin àkọ́kọ́ tí ọ̀gá kọ́ ọ ni pé ibi tí páìpù oníke bá ti gba àjà kan bọ́ sí òmíràn, a gbọ́dọ̀ fi òrùka irin dè é, ká sì fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo tó yí i ká. Ohun dúdú kan wà nínú òrùka náà. Bí iná bá kàn án, á wú, á fún páìpù tó ń yọ́ náà pa, èéfín ò sì ní rọ́nà gòkè. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ Burul ń dúró dè é létí odò. Cholpon, ọ̀kan nínú wọn, ń pè é lórí fóònù ṣáá: “Ìyàwó páìpù, ṣé ibẹ̀ lo máa sùn ni?” Burul ki bébà bọ àlàfo náà, ó sì sọ fún ọ̀gá pé òun ti de òrùka. Wọ́n mọ ògiri bò ó.

Ó lè dákẹ́. Inú ìyá àgbà ń dùn. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ihò tó bá gba èéfín sìgá kọjá, á gba èéfín iná kọjá.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá kọ́ o,” ó ní. “Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ yín ló ń mu sìgá. Èmi ni mi ò dí ihò ibẹ̀. Irọ́ ni mo pa.”

Ìyá àgbà yíjú kúrò lára ògiri. “Ṣé o mọ ohun tí o gbà lọ́wọ́ mi báyìí?” Ó gbé abọ́ tó kún náà, ó dà á nù.

Burul pe Ọ̀gá Kubat wá, ó sì jẹ́wọ́ fún un. Ọ̀gá kò pariwo. Ó wó ògiri, ó fa bébà jáde, ó fi lé Burul lọ́wọ́. “Èyí lo fẹ́ fi dá iná dúró? Láti òní lọ, iṣẹ́ tójú mi ò bá rí, o ò tíì ṣe é. Àjà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lo máa yẹ̀ wò lọ́la.”

Nígbà tí Burul de òrùka, tó fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo náà, tí wọ́n sì tún ògiri mọ tán, ìyá àgbà wọlé, ó fi ìka kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Kò sí ìdáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ba ọmọbìnrin náà lẹ́rù ju gbogbo ohun tó ti gbọ́ lọ.

Ọjọ́ náà ló yé e pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó tún yé e pé iṣẹ́ tí a kò ṣe dáadáa kì í kú sẹ́yìn ògiri, àti pé ẹlòmíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sábà máa ń jìyà rẹ̀.