Ẹ Má Fi Páànù Dí Òpó Etí Odò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Awọnmi fi ka ìwọ̀n odò fún ilé iṣẹ́ omi. Láràárọ̀, á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á wọ́dò lọ síbi igi tí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà sí lára, á sì ké nọ́ńbà síta. Ìyàwó rẹ̀ á jókòó sórí òkúta, á kọ ọ́ sínú ìwé. Bí bàbá bá ké e lẹ́ẹ̀mejì, ìyá á ní, "Mo ti gbọ́! Àbí ẹ rò pé mo dití ni?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ìyá ti kú. Bàbá ti fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ omi wá ri òpó irin kan mọ́ etí odò, pẹ̀lú ohun kan bí àwo tí a dojú rẹ̀ dé lórí rẹ̀.

"Kò fọwọ́ kan omi, ó lóun ń wọn omi," ni bàbá máa ń wí. "Ta ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò láìfi ahọ́n kàn án?"

Nígbà tí káfíńtà aládùúgbò rẹ̀ fẹ́ fi páànù ṣe àtíbàbà sáàárín òpó náà àti odò, bàbá ní, "Ilẹ̀ mi ni. Kọ́ ọ."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ omi dé. Bó ṣe rí àtíbàbà náà, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá mi, abájọ! Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí nọ́ńbà òpó yìí ti dàrú. A ò mọ̀ bóyá odò ń kún."

"Kí ni páànù ṣe fún irin?"

Ọmọ náà jókòó sórí òkúta ìyá rẹ̀. "Ẹ rántí bí oòrùn ṣe máa ń ta lójú omi, tí ìmọ́lẹ̀ á máa jó lára àjà ilé wa?"

"Màmá ẹ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀."

"Àwọn sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lókè ọ̀run, tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí èèyàn wà, ń ránṣẹ́ wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni. Òpó yìí ń gbọ́ èyí tó wá tààrà, ó tún ń gbọ́ èyí tó ba omi kó tó ta padà. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì la fi ń mọ bí odò ṣe ga tó. Àwọn sátẹ́láìtì míì tilẹ̀ ń gba èyí tó ta láti orí ilẹ̀, wọ́n fi ń mọ oko tó rin àti èyí tó gbẹ. Ṣùgbọ́n páànù ni òpó yìí ń gbọ́ báyìí, kò gbọ́ odò mọ́."

Bàbá gbójú sókè wo òpó náà. "Mo rò pé wọ́n fi rọ́pò àwa méjèèjì ni."

"Rárá o, bàbá mi. Ìwé tí màmá kọ la fi mọ ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé ká tó pariwo."

Omijé lé ròrò sójú bàbá. Ó dìde, ó pe káfíńtà.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ́ ọ!" ni káfíńtà ń ráhùn.

"Èmi náà ló ní kó o wó o. Òòlù dà?"

Ní ọjọ́ kẹrin, òpó náà fi hàn pé odò ń kún, ìkìlọ̀ ilé iṣẹ́ omi sì dún lórí fóònù gbogbo àdúgbò: omi máa kọjá bèbè kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó káfíńtà àti ìkókó rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sórí òkè. Omi wọlé wọn dé ojú fèrèsé, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí irú òpó yìí bá wà ládùúgbò yín, ẹ má kọ́lé, ẹ má to páànù, ẹ má gbé ọkọ̀ sáàárín rẹ̀ àti omi. Bó bá wọ́, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ omi. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè kí ẹ tó dí i. Bí ìkìlọ̀ bá sì dé sórí fóònù, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá fojú rí i: omi tó ti dé ẹnu ọ̀nà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.