Yàrá Tí Bàtà Gbà Mọ́ Ìyá Lọ́wọ́

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, má tíì jù ú nù. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Obìnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ọ yìí náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ ni. Gogoro làwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, nítorí bàtà gogoro tí kì í bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Yàrá méjì ló gbà. Òun ń sùn nínú ọ̀kan, bàtà ń gbé inú èkejì, títí kan àwọn tí kò tíì kan ilẹ̀ rí. Ṣe ló ń ti ilẹ̀kùn wọn pa bí ẹni pé ọba ló ń sùn níbẹ̀.

Nígbà tí àgbà dé sí ìyá rẹ̀, tó kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, Gogoro tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹní! Obìnrin tó pọ̀n ọ́n dàgbà!

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, kò sì lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra.

“Gogoro, ẹsẹ̀ mélòó l'Ọlọ́run dá mọ́ ọ?”

“Ṣé ẹsẹ̀ tìẹ ni mo fi ń wọ bàtà ni?”

“Bàtà ń sùn ní yàrá, ìyá ń sùn nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jésù Olúwa fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ àwọn apẹja. Ìwọ ò lè fún ẹsẹ̀ tó rìn kiri nítorí ẹ níbi tó máa nà sí. Ronú pìwà dà, ọ̀rẹ́ mi.”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ta bọ́tìnnì ẹ. Bó o bá tún dárúkọ ìyá mi, màá da gbogbo ẹ̀ sí gọ́tà!”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkò ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Gogoro kọ etí ikún, ó tún lọ ra bàtà sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀, omi sì ya wọ ilé. Gogoro sáré délé. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí ẹní tó ti rin gbingbin, ó ń gbọ̀n. Gogoro rí i. Mo ní ó rí i! Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ ṣí yàrá bàtà.

Gbígbẹ ni ibẹ̀ gbẹ. Nígbà tó wo ilẹ̀, ó rí aṣọ tí wọ́n ká, tí wọ́n fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

“Mo mọ̀ pé inú á bí ẹ bí omi bá kàn wọ́n,” ni ìyá wí, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. “Aṣọ ìbora mi ni mo fi dí i.”

Gogoro wólẹ̀ sínú omi, ó figbe ta.

“Màámi, ìkà ni mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

“Èmi ti dárí jì ẹ́ tipẹ́, ọmọ mi. Ó ku ti Ọlọ́run.”

Òtútù ti wọ ìyá láyà. Ní ọsibítù, Gogoro ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníbọ́tìnnì. Ó wá, kò sì fi í ṣẹ̀sín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ni Gogoro ti kúnlẹ̀: “Jésù, ọ̀dájú ni mí. Mi ò lè tún ara mi ṣe. Gbà mí.” Jésù gbà á. Ìyá ṣe àmín.

Ó kó bàtà fún ẹni tó bá ṣáà ti nílò rẹ̀. Ó kun yàrá náà, ó gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, ó tẹ́ ẹ dáadáa. Ìyá ò sùn lórí rẹ̀. Ó kú kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọsibítù.

Ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ ẹ̀ṣẹ̀ Gogoro nù, mo sì yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá àná padà fún un.

Ìwọ ńkọ́? O ń rẹ́rìn-ín pé bàtà tìrẹ ò pọ̀. Ta ló bi ọ́ ní bàtà? Kí ni ìwọ ń gbà là ní tìrẹ, tó o gba ẹ̀gbẹ́ Ọlọ́run kọjá? O ní ó di ọ̀la. Ta ló fún ọ ní ọ̀la? Bí ojú àwọn èèyàn bá ń tì ọ́, wọn ò ní bá ọ jẹ́jọ́ níwájú ìtẹ́ ìdájọ́. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà. Pe Jésù báyìí, nígbà tí ẹnu rẹ ṣì lè pè é.