Ojú Ewé Tí Mo Ní Kí Wọ́n Yọ

“Àsàlámù àlékùmù o, gbogbo ilé!” Enoch Afọláyan ké láti inú rédíò.

Ìyá Àgbà gbé ṣíbí tí wọ́n fi ń dín dòdò tà sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n sì dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, “Wàálékùmù sàlámù. Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ ọ́, ọmọ mi.” Ẹ̀rín pa mí. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́.

Kò sí ilé tí wọn kì í ti í gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yìí láti Ìkirè wa títí dé Àpòmù. Ìwé rẹ̀, “Ohun Tó Ń Bí Mi Nínú”, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya tán nínú báàgì ilé-ìwé mi. Ibẹ̀ ló ti bú gbogbo ọkùnrin tí í sọ lórí fóònù pé òun ti dé Ìkirè nígbà tí ó ṣì wà ní Wásinmi. Ó ní kí ìyàwó irú wọn máa sọ pé, “Ó dáa, gbé fóònù fún ẹni tó jókòó tì ẹ́.”

Nígbà tí ó kéde pé òun ń kọ èkejì, tí òun yóò sì fún ọmọ ilé-ìwé mẹ́wàá ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, oúnjẹ ò wọlé sí mi lẹ́nu mọ́. Orúkọ èmi Ikhlas nínú ìwé! Tawheed, tí a jọ wà ní SS2, kọ nípa àwọn olùkọ́ tí í yá bírò ọmọ tí wọn kì í dá a padà. Èmi kọ nípa Ìyá Àgbà Sàlámọ̀tù, ìyá bàbá mi. Mo kọ ọ́ pé wọ́n rò pé ènìyàn ń gbé inú rédíò. Ìyẹn ò dùn tó lójú mi, mo bá fi kún un pé wọ́n máa ń bu dòdò síwájú rédíò kí ẹni inú rẹ̀ lè jẹun. Irọ́ ni. Kò ṣẹlẹ̀ rí.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni Afọláyan kà á lórí rédíò. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ní tèmi ló dára jù. Àwọn oníbàárà tó wà nídìí iná náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo Ìyá Àgbà. Èmi ń fò sókè. Ìyá Àgbà yí dòdò inú epo padà, wọ́n sì pa rédíò.

Odidi ọjọ́ mẹ́rin, wọn ò tàn án. Ẹni tó bá wá ra dòdò á ní, “Ìyá, ṣé rédíò ti jẹun?” Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á di ọjà fún un. Nílé-ìwé, wọ́n ń pè mí ní òǹkọ̀wé, orí mi ń wú. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti délé, ara mi kì í lélẹ̀. Ìdí iná wa ti dákẹ́ jù.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ata. “Ìyá Àgbà, ẹ má bínú.”

“Ikhlas, ṣé o rò pé n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní rédíò? Kí n tó bí bàbá ẹ ni mo ti ń gbọ́ ọ.” Wọn ò pariwo. “Ẹni tó bá kí Mùsùlùmí ní sálámà, dandan ni ká dá a lóhùn. Bó gbọ́, bí kò gbọ́, èmi ti gbọ́ tirẹ̀. Kristẹni sì ni ọmọ yẹn o! Ó rántí wa ló ṣe ń kí wa bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n wá dákẹ́ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé?”

“Rárá, mà.”

“Dòdò ńkọ́? Ìgbà wo ni mo bu dòdò fún rédíò?”

“Ẹ ò bù ú rí, mà.”

“Ká ní o bi mí ni, ǹ bá sọ fún ẹ. Kí ni mo fi ń pamọ́ fún ẹ?”

Èyí ló dùn mí jù. Ojú tì mí, mo sì sunkún.

Mo pe Afọláyan lórí fóònù. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ tèmi kúrò nínú ìwé.”

“Ọ̀la ni ìwé ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé! Tìẹ ló wà lójú ewé kẹtàlélógójì. Tí mo bá yọ ọ́, orúkọ ẹ ò ní sí níbì kankan o. Ṣé ó yé ẹ?”

Ó yé mi. “Ẹ yọ ọ́, sà. Irọ́ wà níbẹ̀.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó gbà láti yọ ọ́. Ó ní òun náà jẹ̀bi, torí òun rẹ́rìn-ín kí òun tó béèrè. “Ṣùgbọ́n etígbọ̀ọ́ gbogbo ayé la ti kà á. Etígbọ̀ọ́ gbogbo ayé náà ni wàá ti tún un ṣe.”

Ní Sátidé, mo jẹ́wọ́ lórí afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo fi máa dé ilé-ìwé ní Mọ́ńdè, orúkọ mi ti di Ikhlas Elérọ́. Àwọn tó ń pè mí ní òǹkọ̀wé náà ni. Tawheed nìkan ni kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé náà ní Àpòmù, n kò fẹ́ lọ. Ìyá Àgbà ló wọ́ mi lọ. Wọ́n pe Tawheed jáde, a pàtẹ́wọ́ fún un. Inú mi dùn sí i, inú mi sì bàjẹ́. Ìyá Àgbà ra ìwé kan, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Níbo ni tìẹ ì bá wà?”

Mo ṣí ojú ewé kẹtàlélógójì. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan láti Ìkòyí ló wà níbẹ̀.

“Mú bírò. Kọ orúkọ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.”

“Ìyá Àgbà, kì í ṣe tèmi mọ́.”

“Mo mọ̀. Ìwọ fúnra ẹ lo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ máa rí.”

Mo kọ ọ́, omi sì lé sí mi lójú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ máa pa wá lẹ́rìn-ín, a nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe àwàdà, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, ẹ má sì parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo ìlú ti rẹ́rìn-ín tán ni èmi tó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà títí di òní. Wọn kì í yá a fún ẹnikẹ́ni.