Làtíífàt Ló Ni Máṣíìnì Náà

Nígbà tí Ògúnwùmí kọ́kọ́ rí Làtíífàt, inú yanrìn ló wà lẹ́bàá ọ̀nà Lanlate, tó ń fi bàtà gbá táyà alùpùpù ńlá kan tó ṣubú sílẹ̀. Híjáàbù rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eruku ti kùn ún lójú dé ìpéǹpéjú. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Èrúwà. Ó ga, táńkì rẹ̀ tóbi bí ikùn màlúù. Tòkunbọ̀ ni, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e," ni Ògúnwùmí wí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Obìnrin náà kẹ̀yìn sí ìjókòó máṣíìnì, ó di irin ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀, ó sì ń rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí alùpùpù fi nàró. Ó ya Ògúnwùmí lẹ́nu débi pé ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí obìnrin náà nínú jù.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"N kò rí obìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí ni."

"Ẹ ti rí i báyìí. Ẹ júwe ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan tó ń jẹ́ Ògúnwùmí fún mi, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ."

"Èmi náà ni."

Nọ́ọ̀sì ni Làtíífàt. Òun ló ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní àwọn abà tó jìnnà sí títì. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọn ọlọ́kadà kì í fẹ́ lọ síbẹ̀. Èyí tó bá gbà láti lọ, á já a sílẹ̀ ní agbedeméjì ọ̀nà. Ó sú u, ló bá ra tirẹ̀.

"Mo fẹ́ irin tó máa yí ẹ́ńjìnnì ká lọ́tùn-ún lósì," ló wí nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, "kó má baà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ tó bá ṣubú. Mo fẹ́ páànù irin lábẹ́ rẹ̀ nítorí òkúta. Mo fẹ́ káríà tó máa gba àpótí yìnyín abẹ́rẹ́ mi. Ẹ fi ohun tó máa bo ọwọ́ mi sí háńdù, torí ẹ̀ka igi ń nà mí. Iná rẹ̀ náà, ti àbẹ́là sàn jù ú lọ."

"Ìjókòó rẹ̀ ga fún yín. Ẹ jẹ́ kí n gé fóòmù rẹ̀ díẹ̀."

"Ṣé mo ní kí ẹ gé e?"

Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ní kó gé e. Kò bẹ̀ ẹ́, ó kàn sọ ọ́ ni. Ògúnwùmí gé e, kò sì rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, bí Làtíífàt bá ti kúrò níbi iṣẹ́, orí bẹ́ǹṣì wẹ́dà yìí ló ń jókòó sí. Wọ́n jọ ń jiyàn lórí bí irin ṣe máa tẹ̀. Ògúnwùmí á bu omi tútù fún un. Kò pẹ́ tó fi fi "ẹ" sílẹ̀, tó ń pè é ní Àṣàkẹ́, oríkì rẹ̀.

"Inú rẹ kì í rọ̀ ni, Àṣàkẹ́?"

"Ó máa ń rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n bàbá Làtíífàt, Àlàájì Àkíbù, kò fẹ́ rí alùpùpù sójú. Ọ̀kadà ló pa Mùíz, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ́nà Igbó-Ọrà, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ bá Ògúnwùmí.

"Mo gbọ́ pé o ń wo ọmọ mi. Bí o bá fẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ, má ṣe parí máṣíìnì yẹn."

Ó yẹ kí Ògúnwùmí kọ̀. Kò kọ̀. Nígbàkígbà tí Làtíífàt bá béèrè, á ní páìpù kò tíì dé láti Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi pa irọ́ yìí.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ abà Àgbájé pé. Làtíífàt gun ọ̀kadà torí máṣíìnì rẹ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kadà bàjẹ́ sójú ọ̀nà, oòrùn mú, yìnyín yọ́, abẹ́rẹ́ sì bàjẹ́. Ó fẹsẹ̀ rìn dé abà láti sọ fún àwọn ìyá tó ń dúró. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó ní, "Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní gbé abẹ́rẹ́ wá, ẹ máa sọ fún wa." Làtíífàt gbé àpótí rẹ̀, ó yíjú sọ́nà. Nígbà tó délé, tó ń fi ìbínú sọ ọ̀rọ̀ náà, bàbá rẹ̀ dáhùn pé òun ti kìlọ̀ fún wẹ́dà yẹn kó má parí máṣíìnì náà.

Làtíífàt kò kí Ògúnwùmí nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ tààrà sí ẹ̀yìnkùlé, ó ká tapólì kan sókè. Gbogbo irin náà ló wà níbẹ̀, Ògúnwùmí ti gé wọn, ó ti tẹ̀ wọ́n, ó ku kó jó wọn mọ́ ara máṣíìnì.

"Páìpù tí kò tíì dé láti Ìbàdàn nìyí?"

"Àṣàkẹ́, bàbá ẹ ló..."

"Má pè mí ní Àṣàkẹ́. Bàbá mi ò purọ́ fún mi, ojúkojú ló ń bá mi jà. Ìwọ ń bu omi fún mi, o sì ń parọ́. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló padà sílé láìgba abẹ́rẹ́."

"Mo fẹ́ kí bàbá ẹ gbà pé kí n fẹ́ ọ ni."

"Ta lo fẹ́ fẹ́, èmi àbí bàbá mi?"

Ó wọ́ máṣíìnì rẹ̀ jáde láìsí irin kankan lára rẹ̀, ó sì gùn ún lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, yanrìn gba táyà iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Máṣíìnì ṣubú, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ òsì. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko ẹ̀gẹ́ ló gbé e kúrò lórí rẹ̀. Egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín máṣíìnì náà, sì ti jó o ní ojúgun.

Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wo ẹsẹ̀ náà.

"Irin tó o ní kí wọ́n ṣe, ṣé ibí yìí ni ì bá wà?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, bàbá."

Bàbá rọra tẹ́ aṣọ tútù lé ibi tó wú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá ọkọ̀ akẹ́rù, ó gbé alùpùpù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ògúnwùmí.

"Ìwọ àti èmi la ṣe ọmọ mi léṣe," ló wí. "Inú ń bí mi sí ọ pé o gbọ́ tèmi."

"Inú ń bí mi sí ara mi náà, bàbá."

"Ó dáa. Kó irin yẹn wá."

Ògúnwùmí kò dìde. "Ẹ má bínú, bàbá. Òun ló ni máṣíìnì. Àfi tó bá wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ ni mo tó lè fọwọ́ kàn án."

"Èmi lò ń dá lóhùn báyìí?"

"Bí mo ṣe gbọ́ tiyín níjọ́sí ló fà á."

Bàbá wò ó títí, ó fajú ro, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dúró de Làtíífàt.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Làtíífàt tó fi igi tilẹ̀ dé. "Ta ló ní kí ẹ gbé máṣíìnì mi?"

"Èmi ni," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó kọjú sí Ògúnwùmí. "Kí ni ìwọ ti jó mọ́ ọn?"

"Kò sí. Lọ wò ó."

Ó yí máṣíìnì náà po lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí nǹkan kan.

"A ti ń dúró dè ọ́ láti àárọ̀," ni Ògúnwùmí wí. "Kí lo fẹ́ kí n kọ́kọ́ fi sí i?"

Làtíífàt gbé igi rẹ̀ ti máṣíìnì náà. Ó ti to èébú jọ sẹ́nu láti ilé, kò sì mọ èyí tí yóò fi bú u mọ́.

"Irin ẹ́ńjìnnì," ló wí nígbẹ̀yìn. "Apá òsì."

Àlàájì gba gíláàsì dúdú, ó di páìpù mú fún wẹ́dà. Ó ń fi gbogbo agbára mi ibi tí wọ́n bá jó, ó sì ń ní kí wọ́n tún un jó. Nígbà tó lọ kírun Àsárì, ó ku àwọn méjèèjì.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan," ni Ògúnwùmí wí. "Tó o bá ní rárá, màá parí iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ."

"Bi mí."

"Ṣé o máa fẹ́ mi?"

Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà tí iná ti jó níbi púpọ̀. "Inú ṣì ń bí mi sí ọ."

"Mo mọ̀."

"Ó máa pẹ́ kó tó tán."

"Màá wà níbẹ̀."

"Tó o bá tún purọ́ fún mi, kódà kó jẹ́ torí kí inú mi lè dùn, màá gun máṣíìnì yìí lọ, o ò sì ní bá mi."

"Mo gbọ́."

"Mo máa fẹ́ ọ, Àjàní."

Ó ti gbọ́ oríkì yìí lẹ́nu ìyá ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ògúnwùmí sorí kọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Làtíífàt na ọwọ́, ó di tirẹ̀ mú, àti èédú àti epo tó wà lára rẹ̀.

Bí bàbá ṣe bá wọn nìyẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ wọn, ojú rẹ̀ ṣì le.

"Yìgì lè dúró," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹ̀gbẹ́ kan káríà. "Èyí ò lè dúró. Àwọn ọmọ ń retí yín ní abà."