Ta Ló Máa Padà Wá Jẹun Níbí Lọ́la?

Gáàsì tán lórí ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀. Fisáyọ̀ mi àgbá gáàsì náà, ó tún un mì, àmọ́ ohun tó ti tán ti tán. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó.

"Ṣé bí o ṣe ń gbé nìyí, Fisáyọ̀?"

"Rárá o, Màmá. Gáàsì lásán ló tán."

"Mo ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́" yìí gan-an ló ń ba Fisáyọ̀ lẹ́rù. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé e wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Odigbo ni Màmá ti ń sọ pé kó wá bí yóò ṣe padà sílé ní Ìkàrẹ́. Fisáyọ̀ kò fẹ́ padà. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dénú. Ìdí nìyí tí Màmá fi wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí Màmá jẹun níbi òkú kan, tí ìgbẹ́ gbuuru sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Díẹ̀ ló kù kí omi ara rẹ̀ tán. Bí inú Màmá bá tún wá bàjẹ́ ní Odigbo, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìyá á dùbúlẹ̀ àìsàn, ọmọ á palẹ̀ ẹrù mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká jáde lọ jẹun," ni Fisáyọ̀ wí.

Àmọ́ níbo? Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹun nínú ìlú tó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni òun àti ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá sí agbègbè yìí ń ṣe. Tí agogo iléèwé bá ti lù lọ́jọ́ Ẹtì báyìí, wọ́n ti wà lórí ọ̀kadà, ó di gáréèjì Ore. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n dé pẹ̀lú iṣu, èlùbọ́ àti ọbẹ̀ dídì láti ilé. Wọ́n á gbé ìlú títí, wọn ò ní mọ adùn rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ibì kan ṣoṣo ló wá sí Fisáyọ̀ lọ́kàn, ilé oúnjẹ ńlá kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Ore, tó máa ń rí láti inú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kì í wọ́n níwájú ibẹ̀. Rachel, aládùúgbò rẹ̀ tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàrin wọn, náà ń lọ ra nǹkan ní Ore. Ó ní tí òun bá rajà tán, òun á wá bá wọn. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni Rachel, iṣẹ́ wolé-wolé ló sì ń ṣe.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, èrò kún bámúbámú. Orí Fisáyọ̀ wú.

"Màmá, ṣé ẹ rí i? Ibi tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, oúnjẹ ibẹ̀ ò lè burú."

Wọ́n gbé iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran igbẹ́ wá. Wọ́n tún gbé abọ́ omi ìfọwọ́ kan dé, tí epo àwọn tó ti fọwọ́ ṣáájú ṣì léfòó lójú rẹ̀. Màmá ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ ni Rachel wọlé tòun ti báàgì ọjà.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè abọ́ ọbẹ̀ náà. Kò sí ooru níbẹ̀. Ó pe ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá. "Àbúrò mi, ìgbà wo lẹ se ọbẹ̀ yìí?"

Ọmọ náà kò purọ́. "Àná ni, Mà. Àwọn ọkọ̀ tí à ń retí ni kò tètè dé, ló fi ṣẹ́ kù. A tún máa gbé e kaná."

Ojú ti Fisáyọ̀. "Rachel, wo èrò tó wà níbí. Ṣé gbogbo wọn ni ò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe ni?"

"Ta ló yan ibí fún wọn?" Rachel nawọ́ sí kọ̀rọ̀ kan. Dẹ́rẹ́bà kan jókòó síbẹ̀, ooru ń yọ lára oúnjẹ tirẹ̀, ẹran sì ga lórí rẹ̀ bí ebè. "Òun ló yàn án. Ọ̀fẹ́ ló ń jẹ, torí òun ló kó èrò wá. Ebi ń pa àwọn yòókù, ọkọ̀ sì fẹ́ gbéra. Tí inú bá run wọ́n, wọ́n á ti rìn jìnnà. Ta ni wọ́n fẹ́ padà wá bá jà?"

Fisáyọ̀ tún bojú wo dẹ́rẹ́bà náà.

"Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi," Rachel ń bá a lọ. "Nínú gbogbo àwọn tó ń jẹun níbí, ta ló máa padà wá lọ́la?"

Fisáyọ̀ wò yíká. Báàgì ìrìn-àjò wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Kò rí ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ́ ará Ore. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ti fẹ́ kan iyán, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Ó rọra di ọwọ́ náà mú.

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run," ni Màmá wí, ó sì dìde. "Rachel, ìwọ tó o ti lé wa nídìí oúnjẹ, ó yá, mú wa lọ ibi tá a ti máa jẹ òmíràn."

Odigbo náà ni Rachel mú wọn padà sí, sábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Kò jìnnà sílé Fisáyọ̀ rárá. Ìyá Ayọ̀ọlá ló ń tà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń jẹun, àwọn àgbẹ̀ kòkó ń jẹun, àfi bí ẹnì kan ṣe pariwo láti ẹ̀yìn:

"Háà! Mísí Fisáyọ̀! O ti wá mọ̀nà ibí náà?"

Ọ̀gbẹ́ni Àbáyọ̀mí ni, igbákejì ọ̀gá iléèwé wọn. Ojoojúmọ́ ló ń jẹun níbẹ̀. Ó bi Fisáyọ̀ bóyá ọbẹ̀ dídì ti sú u.

Kẹ́ẹ̀gì omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdérí wà lórí gbogbo ìkòkò, iná sì ń jó lábẹ́ wọn. Ìyá Ayọ̀ọlá fi èdè Ìkálẹ̀ kí wọn káàbọ̀, ó sì ní púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ọbẹ̀ marúgbó ló wà.

Màmá wo ọbẹ̀ dúdú náà tìfura-tìfura. "Kí lèyí?"

"Ewé ni wọ́n fi sè é, Mà," Rachel dáhùn. "Nílẹ̀ wa, a máa ń sè é fún abiyamọ tuntun."

"Èmi ti kọjá ìyẹn." Màmá yíjú sí Ìyá Ayọ̀ọlá. "Ẹ má bínú o, ìgbà wo lẹ sè é?"

Fisáyọ̀ rò pé obìnrin náà á bínú. Ẹ̀rín ló rín. "Ó ń hó lọ́wọ́, Màmá. Ẹ wá wò ó."

Màmá sì lọ wò ó lóòótọ́. Ó yọjú sínú ìkòkò, ó mi orí, ó lọ fi ọṣẹ fọwọ́, ó jókòó. Òkèlè àkọ́kọ́ kéré bí oògùn. Ìkejì tóbi díẹ̀. Nígbà tó yá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tí ẹ bá rìnrìn-àjò lópin ọ̀sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tàn yín. Ibi tí àwọn onílùú ti ń jẹun ni kí ẹ béèrè, torí oníbàárà ojoojúmọ́ ni olóúnjẹ ń bẹ̀rù. Ẹ rí i pé oúnjẹ yín gbóná dáadáa, kó má jẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọwọ́, kì í ṣe omi abọ́ tí gbogbo ayé ti fọwọ́ sí. Ẹ yẹra fún gààrí àti oúnjẹ tí wọ́n ṣí sílẹ̀, torí ìtọ̀ èkúté lè kó ibà Lásà sínú rẹ̀. Ẹ má sì tijú láti béèrè ìgbà tí wọ́n se oúnjẹ. Olóúnjẹ rere á ṣí ìkòkò fún yín. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì mú ẹnikẹ́ni, ẹ tètè máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi falẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n gbé iṣẹ́ yín wá sí ìlú onílùú, ẹ dúró lópin ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ mọ ìlú tó ń bọ́ yín.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Fisáyọ̀ sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, inú yín ńkọ́?"

"Inú ta? Yára rìn, kí wọ́n tó jẹ púpurú yẹn tán." Màmá ti ṣáájú rẹ̀, ó ń lọ síbi àtíbàbà náà láìbéèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tún bojú wẹ̀yìn. "Fisáyọ̀, má wulẹ̀ wá sílé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Èmi ni mo máa wá."